Ìjọba ní ká má lé téńáǹtì, ta ló wá máa san mọ́gééjì mi?

Lóṣù tó kọjá mo dá ẹnì kan lóhùn ní gbólóhùn méjì péré pé òfin má-lé-téńáǹtì tí wọ́n ṣe nígbà kòrónà ò pa gbèsè owó ilé rẹ́, ó kàn ní kí wọ́n má tíì lé èèyàn síta ni. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Onílé ń kọ, ayálégbé ń kọ, láti Bronx ní New York, láti Newark ní New Jersey, láti London, láti Mushin. Mo rí i pé ọgbẹ́ yìí ò tíì jinná lára ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà òun nìkan la máa sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ìwé ìrìnnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Bronx ni mo ń gbé láti 1998. Iṣẹ́ ká máa tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣe, iṣẹ́ òru lọ́pọ̀ ìgbà, kí n tó fi ra ilé tí ìdílé méjì lè gbé. Èmi àtàwọn ọmọ wà nísàlẹ̀, mo fi òkè rẹ́ǹtì ní dọ́là 1,800 lóṣù. Téńáǹtì mi ń san dáadáa títí di April 2020 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kò burú, ta ni ò mọ̀ pé nǹkan le nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó padà ríṣẹ́, kò san. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ìjọba ní ẹnikẹ́ni ò lè lé òun. Oṣù 22 ló fi gbé òkè mi láìsanwó kó tó kó jáde ní January 2022, tí mo bá ti fẹ́ sùn màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àjà, màá kàn máa ṣírò owó lókùnkùn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé ilé ńlá kan wà ládùúgbò wa, kọ́ńpìnnì ló ni ín, òfin kan náà ló de àwọn náà, wọn ò ta ilé, wọ́n tiẹ̀ tún ra òmíràn. Kí ló dé tí òfin kan náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi? Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n ṣe tí mi ò ṣe ni? *Ìyá onílé, Bronx*

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín tán, mo dìde, mo rìn yí yàrá ká kí n tó padà jókòó, torí mo mọ èèyàn mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ pé ìtàn wọn nìyí gẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀. Oṣù 22 lọ́nà 1,800 jẹ́ dọ́là 39,600. Kọ́ńpìnnì tó ní fúláàtì 1,000, tí 100 nínú àwọn téńáǹtì ẹ̀ ò bá san, 900 ṣì ń san, owó àwọn 900 yẹn ló máa fi san báńkì, tó máa fi san owó orí ilé, tó máa fi san ẹni tó ń tún bọ́ílà ṣe. Ẹ̀yin ní òkè kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣoṣo ló ń san, lọ́jọ́ tí ẹni yẹn ò san, gbogbo owó tó ń wọlé lórí ilé yẹn ló gbẹ pátápátá. Àwọn àgbà ní olójú kan kì í tàkìtì òru. Òkìtì òru gan-an ni òfin yẹn ní kẹ́ ẹ ta. Kò sì ya ẹni tó ní òkè kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ẹlẹ́yọ kan yìí ò kéré o, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ilé tí wọ́n ń fi rẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ èèyàn lásán tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ ló wà, kì í ṣe ọwọ́ kọ́ńpìnnì. Àmọ́ torí pé ilé kéékèèké ló pọ̀ nínú ilé àwọn èèyàn lásán yìí, tí wọ́n bá ka fúláàtì tó wà nínú wọn, kò tó ìdajì gbogbo fúláàtì tó wà nílẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. March 20, 2020 ni gómìnà Andrew Cuomo fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n dá lílé èèyàn jáde dúró ní New York. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni òfin CARES Act ti ìjọba àpapọ̀ jáde, ìyẹn fi ọjọ́ 120 bo àwọn ilé tí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú mọ́gééjì ẹ̀, ìyẹn owó tí báńkì yá onílé láti fi ra ilé. Ó parí lóṣù July, tó fi di September 4 àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn gbé àṣẹ tiẹ̀ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n ní December 31 ló máa parí, wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹrin títí ó fi dé July 31, 2021, wọ́n tún gbé òmíràn jáde ní August 3, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà dá a dúró ní August 26, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, wọ́n ní CDC ò lágbára láti ṣe irú ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn, ilé ẹjọ́ kan náà ti dá apá kan nínú òfin New York dúró, ìyẹn ibi tó ti ní kí téńáǹtì ṣá ti fọwọ́ sí ìwé pé nǹkan le fún òun, kí onílé má sì lè ní kó wá fi ẹ̀rí hàn. Ṣùgbọ́n New York tún tún tiwọn ṣe, ó di January 15, 2022 kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé oṣù yẹn náà ni téńáǹtì yín kó ẹrù.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò lòdì sí i pé wọ́n ní ká má lé èèyàn síta nígbà yẹn. Àrùn tó ń ti ara ẹnì kan ran ẹnì kejì, téèyàn bá lé ìdílé mẹ́rin síta, ilé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń lọ, èèyàn mẹ́wàá á wá há sí yàrá méjì. Tá a bá lé akátá lọ tán, ká tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Ibi tí mo ti bá ìjọba jà ni ti owó. March 2020 ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má lé e. Ó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n December ọdún yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí bílíọ̀nù 25 dọ́là láti fi ran àwọn tó jẹ owó ilé lọ́wọ́, wọ́n tún fi bíi bílíọ̀nù 21.5 kún un ní March 2021. Owó ńlá ni, lórí ìwé. Nígbà tí July 2021 fi máa parí, nínú bílíọ̀nù 46 àti ààbọ̀ yẹn, bílíọ̀nù 5 lé díẹ̀ ló tíì dọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ní New York tiyín, June 1, 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fọ́ọ̀mù. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín March 2020 sí ìgbà yẹn, ó lé ní 14. Oṣù 14 yẹn, ta ló gbé e? Ẹ̀yin ni. Ìjọba ṣàánú téńáǹtì, wọ́n sì fi owó yín ṣe é.

Ẹ wá wo nǹkan tí òfin ò dá dúró. Báńkì ò dúró, ẹni tí mọ́gééjì ẹ̀ bá ní ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nínú lè ní kí wọ́n sún ọjọ́ 180 síwájú, kó tún béèrè 180 mìíràn, àmọ́ wọn ò bá a pa dọ́là kan rẹ́ nínú ẹ̀. Owó orí ilé ò dúró. Owó omi ò dúró. Hítà ńkọ́? Láti October 1 títí May 31, òfin ìlú New York ní tí ìta bá ti tutù ju dígíríì 55 ti Fahrenheit lọ lọ́sàn-án, inú ilé gbọ́dọ̀ gbóná dé dígíríì 68. Ẹni tí kò sanwó lókè, ẹ̀yin lẹ ń ra epo tó ń mú yàrá ẹ̀ gbóná, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Owó ìdúró, ìyẹn dìpọ́sítì, tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó wọlé náà, òfin ọdún 2019 ti ní kò gbọdọ̀ ju ti oṣù kan lọ, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú oṣù 22?

Owó ìrànwọ́ New York yẹn, oṣù 12 nínú gbèsè àti oṣù 3 tó ń bọ̀ níwájú ni wọ́n lè san. Oṣù 15 nìyẹn, dọ́là 27,000 fún ilé tiyín, tẹ́ ẹ bá rí gbogbo ẹ̀ gbà. Dọ́là 12,600 ṣì wà nílẹ̀. Téńáǹtì sì gbọ́dọ̀ dá sí i, kó kọ tiẹ̀, kó kó ìwé wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dá sí i rárá, ó wá di pé ẹni tó jẹ gbèsè ló mú kọ́kọ́rọ́ owó onílé. Wọ́n padà ya owó kan sọ́tọ̀ fún onílé tí téńáǹtì ẹ̀ kọ̀ tàbí tó ti kó lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹni tó bá gba owó ìrànwọ́ sì gbà pé òun ò ní fi owó kún owó ilé fún ọdún kan, òun ò sì ní lé téńáǹtì yẹn jáde lọ́dún náà torí pé àdéhùn ti parí, àfi tí ilé bá jẹ́ fúláàtì mẹ́rin tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí onílé tàbí ẹbí ẹ̀ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ilé tiyín wà nínú èyí, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Ẹ bi mí bóyá ohun kan wà tẹ́ ò ṣe. Mi ò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n tí irú ẹ̀ bá tún dé, ẹ pe báńkì lóṣù àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti jẹ wọ́n ní oṣù mẹ́ta. Ẹ má fẹnu lásán bá téńáǹtì sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ iye tó lè san, dọ́là 400 tó kọ tó sì ń san sàn ju 1,800 tó ń ṣèlérí lọ, àṣẹ CDC gan-an sọ pé kí téńáǹtì máa san èyí tágbára ẹ̀ bá ká, kò ní kó má san nǹkan kan, ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí èyíkéyìí nínú yín má sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ o, torí ní New York ìwà ọ̀daràn ni, ìtanràn ẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 1,000 títí dé 10,000. Owó ilé oṣù mẹ́ta mẹ́rin, ẹ máa rọra kó o sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ẹni tó ní ilé kan ṣoṣo, ìnṣọ́ránsì ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, inú mi ò dùn sí èsì yín tó kọjá. Ayálégbé ni mí, ní Newark. Ọkọ̀ takisí ni mò ń wà kí wọ́n tó tì gbogbo nǹkan pa. Òfin yẹn ló jẹ́ kí èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ mẹ́ta rí ibi sùn sí. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé olè ni wá. Ẹni tó ní ilé, ó ní nǹkan tó lè tà. Èmi ò ní nǹkan kan. *Ayálégbé, Newark*

Àbúrò mi, ẹ má bínú, tó bá dún bẹ́ẹ̀ létí yín, ẹnu mi ló ṣì í. Mi ò pè yín lólè. Ìwé tí CDC ní kí téńáǹtì fọwọ́ sí, ìbúra ni, téèyàn bá parọ́ nínú ẹ̀ wọ́n lè bá a ṣẹjọ́, ó ní láti sọ pé owó tó ń wọlé fún òun lọ́dún yẹn ò ju dọ́là 99,000 lọ, pé òun ti gbìyànjú láti gba ìrànwọ́ ìjọba, pé tí wọ́n bá lé òun, ìta gbangba tàbí ilé tó há gádígádí lòun máa sùn. Onílé tó bá ṣàìgbọràn ńkọ́, wọ́n lè bu dọ́là 100,000 lé e tàbí kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin tó gbè yín ni, ó sì yẹ kó gbè yín, ọmọ mẹ́ta kì í sùn sábẹ́ afárá.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyá tó wà ní Bronx yẹn náà ò ní nǹkan tó lè tà, ilé tó ń sùn sí náà lẹ ní kó tà yẹn. Ẹ̀yin méjèèjì ni ìjọba fi síbi kan náà tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín. Ká ní owó tó tẹ̀lé òfin yẹn dé lọ́sẹ̀ kan náà tí òfin dé, ìyá yẹn ò bá má mọ̀ pé ẹ ò san, ẹ̀yin náà ò bá má jẹ gbèsè.

Ohun kan tó ń dùn mí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò. Kí kòrónà tó dé, ọmọ wa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, tí kò ní ìwé owó-oṣù, tí kò ní kírẹ́díìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè, ibo ló ń gbé? Ilé ìyá onílé bí èyí ni, wọ́n á pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní ọmọ ta ni ẹ, á fún un ní yàrá. Àwọn onílé tí mo mọ̀ tí wọ́n jìyà nígbà yẹn, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kírẹ́díìtì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè báyìí, ìwé owó-oṣù mẹ́ta, lẹ́tà látọ̀dọ̀ láńdílọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹni tí kò ní, kó máa lọ. Àwọn kan ti ta ilé, ẹni tó rà á ti lé owó ilé sókè. Àwọn tí kò tíì dé Newark nígbà tí òfin yẹn wà ló ń san lára owó ẹ̀.

Ti New Jersey tiyín, ẹ mọ èyí: òfin tí gómìnà Phil Murphy fọwọ́ sí ní August 2021 ní ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ga ju iye kan lọ, tó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, onílé ò lè lé e láéláé torí gbèsè owó ilé March 2020 sí August 2021, àwọn tówó wọn kéré jù lọ sì ní títí di December ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè ni ó ṣì jẹ́, onílé lè gbé e lọ sí kóòtù láti gba owó ẹ̀. Tí ìwé kan bá wọlé fún yín látọ̀dọ̀ kóòtù, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òfin ti gbè yín.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ gbà mí. Fúláàtì kan ṣoṣo ni mo ní, ní Thamesmead. Bàbá mi ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn, mo wá tọ́jú wọn, mo fi fúláàtì náà rẹ́ǹtì kí n lè máa rí mọ́gééjì san. Mo fẹ́ padà sílé mi. Àwọn èèyàn ní wọn ò gbà kí onílé lé èèyàn mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ti kòrónà ló tún padà dé ni? *Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé London*

Rárá o, nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Ti kòrónà, March 27, 2020 ni kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá gbogbo ẹjọ́ ilé dúró títí di September 20, wọ́n tún ní kí àwọn agbófinró kóòtù má lọ sílé ẹnikẹ́ni láti lé e títí di May 31, 2021, àyàfi àwọn ọ̀ràn kan bíi gbèsè tó ti pọ̀ jù. Nótíìsì tó jẹ́ oṣù méjì tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà láti August 29, 2020. Ó ti kọjá. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ báyìí ni òfin ẹ̀tọ́ àwọn ayálégbé, Renters' Rights Act, October 27, 2025 ni ọba fọwọ́ sí i, May 1, 2026 ni wọ́n dá pé kó bẹ̀rẹ̀. Kò ní kẹ́ ẹ má gba ilé yín o. Ohun tó mú kúrò ni Section 21, ìyẹn ọ̀nà tí onílé fi ń ní kí téńáǹtì jáde láìsọ ìdí kankan. Láti ìgbà yẹn lọ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kóòtù sì máa wò ó.

Ìdí tiyín sì wà nínú ẹ̀ ketekete: onílé fẹ́ padà wá gbé ilé ẹ̀. Nótíìsì oṣù mẹ́rin ni, ẹ ò lè lò ó láti lé téńáǹtì tí kò tíì lo ọdún kan, tẹ́ ẹ bá sì ti lò ó, ẹ ò gbọdọ̀ tún fi ilé yẹn rẹ́ǹtì fún ọdún kan. Torí náà kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹ̀ ń padà lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kọ nótíìsì, ẹ lọ wo ibi tí owó ìdúró téńáǹtì wà. Láàárín ọjọ́ 30 tẹ́ ẹ gbà á ló ti yẹ kó wà lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa tọ́jú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àkáǹtì yín ló jókòó sí, ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín ti máa kọ́kọ́ fọ́. Ẹni tí téńáǹtì ò bá sanwó fún ńkọ́? Oṣù méjì ni gbèsè ń pé tẹ́lẹ̀ kí kóòtù tó gbà láìjiyàn, ó ti di mẹ́ta, nótíìsì ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta lórí fúláàtì kan ṣoṣo, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́ náà, á ti di mélòó? Mo ka òfin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ibi yìí ni mo ti ń wá owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń dúró tí mi ò rí.

Ọ̀gá mi, ní tiwa ní Mushin, kò sófin má-lé-téńáǹtì, àmọ́ kóòtù máa ń tì. Téńáǹtì mi kan ń san lóṣooṣù, ó ti jẹ oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà kan tí mo lọ sí kóòtù, wọ́n ní ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní kí n jẹ́ káwọn bá mi ká páànù orí yàrá ẹ̀, pé òjò kan báyìí, á sá. *Bàbá onílé, Mushin*

Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé yẹn. Mo mọ̀ pé bí kóòtù bá tì, kò yàtọ̀ sí pé ìjọba ní kẹ́ ẹ má lé e, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó kéde ẹ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé ní 2020 wọ́n tì í, ní 2021 àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù JUSUN dáṣẹ́ sílẹ̀ láti April 6, ó lé ní oṣù méjì, kò sẹ́ni tó san owó ilé fún yín ní gbogbo àsìkò yẹn. Ṣùgbọ́n òfin ilé ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 ní ẹni tó bá tú ilé tàbí tó fagbára lé téńáǹtì láìsí àṣẹ kóòtù, ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gbowó á wá di ọ̀daràn.

Òfin yẹn náà gbè yín níbì kan: téńáǹtì olóṣooṣù tó bá ti jẹ oṣù mẹ́fà, àdéhùn ẹ̀ ti tú, kóòtù lè dá ilé padà fún yín kó sì ní kó san gbèsè. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ lọ bá lóyà kó bá yín kọ nótíìsì ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ sì béèrè owó lílo ilé títí di ọjọ́ tó bá jáde. Tówó lóyà bá ga, Citizens' Mediation Centre ìjọba Èkó ń bá èèyàn dá sí ọ̀rọ̀ ilé lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti rí gbèsè tí wọ́n pín sí mẹ́ta níbẹ̀ tó sì wọlé. Rìsíìtì tẹ́ ẹ ti ń fún un ńkọ́? Òfin ní kẹ́ ẹ máa fún un, tẹ́ ò bá sì fún un, á ní òun ti san.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kékeré. Téńáǹtì tó wà ní fúláàtì mi ní Woolwich nígbà kòrónà ti kó lọ sí Birmingham. Ó jẹ mí ní owó oṣù mẹ́jọ, pọ́n-ùn 900 lóṣù, láti June 2020. Ọkọ mi ní ká gbà fún Ọlọ́run. Ṣé ó ti lọ nìyẹn? *Arábìnrin kan, Woolwich*

Kò tíì fi dandan lọ, arábìnrin mi. Pọ́n-ùn 7,200 nìyẹn, kò tó 10,000, torí náà kóòtù àwọn gbèsè kéékèèké lè gbọ́ ọ láìsí lóyà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìdúró tẹ́ ẹ bá ti gbà. Ẹ wá àdírẹ́sì tó ń gbé báyìí, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fún un ní ọjọ́ 30, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé tó bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀ ẹ ò kọ̀. Tó bá kọ̀wé padà pé lóòótọ́ lòun jẹ ẹ́, tó sì fọwọ́ sí i, ẹ tọ́jú ìwé yẹn bí ẹyin.

Ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ fi ṣeré ni ọjọ́. Ọdún mẹ́fà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbèsè owó ilé, oṣù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọdún mẹ́fà tiẹ̀. Owó June 2020 ló máa kọ́kọ́ bọ́ sọnù, ní June 2026, ti July á tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí kan ti January 2021 tó máa wà títí di January 2027. Ẹ mú ìwé báńkì yín jáde lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ kọ oṣù mẹ́jọ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ kó san ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi han ọkọ yín.